Mìlímítà Méjìlélógún

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ọkùnrin náà bá a sọ láyé ni "òdo".

Ọjọ́ kìíní obìnrin náà lẹ́nu iṣẹ́ ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi tábìlì rẹ̀ hàn án ní ọ́fíìsì ojú ọjọ́, tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú tí wọ́n fi páálí tì í nísàlẹ̀. Fóònù kan wà lórí rẹ̀, àti ìwé àkọsílẹ̀ ńlá kan, àti kọ̀ǹpútà kan tó máa ń ronú dáadáa kó tó dáhùn. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, fóònù dún. Ó gbé e, ó kí ẹni náà bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ohùn ọkùnrin kan dáhùn pé, "Ẹ káàárọ̀ mà. Òdo."

Ó rò ó pé bóyá ìkíni òun ni wọ́n ń fún ní máàkì.

"Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀, sà? Kí ni mo ṣe tí ẹ fi fún mi ní òdo?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Nígbà tó rí ohùn sọ̀rọ̀, ó ṣàlàyé pé òun ni òun ń ka agolo òjò ní abúlé tó wà lẹ́yìn òkè, pé láràárọ̀ ni òun máa ń pè, pé òjò kò rọ̀ láti àná. Ó ní kí ó má bínú, ojú ọ̀run ló gba òdo, kì í ṣe ìkíni rẹ̀.

Agolo òjò kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Agolo kan ni wọ́n rì dé ìdajì sínú ilẹ̀, nínú ọgbà kékeré tí kò sí igi tàbí òrùlé nítòsí rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, ẹni tó ń kà á á da omi inú rẹ̀ sínú ife onígíláàsì tí wọ́n fa ìlà sí lára, á wo ìlà tí omi dé, á sì pe ọ́fíìsì. Abúlé mọ́kànlá ló ní irú agolo bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ obìnrin yìí ni láti gba iye mọ́kànlá láràárọ̀, kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó sì fi í ránṣẹ́ sí olú iléeṣẹ́ kí aago mẹ́wàá tó lù. Akọ̀wé ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè é. Ọkùnrin ọ̀hún, ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́bàá ilé ìwé abúlé rẹ̀, Alágolo ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti gbà pé orúkọ òun nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà lọ, ìpè Alágolo ni Akọ̀wé ń fetí sí. Àwọn mẹ́wàá yòókù á sọ iye tiwọn, wọ́n á ní ó dàbọ̀. Ti Alágolo ni kì í tètè tán. Bí òjò bá rọ̀, á sọ iye rẹ̀, á tún sọ bó ṣe rọ̀, bóyá ó rọra wọlé bí àlejò ni tàbí ó bá ìjà wá. Bí kò bá rọ̀, tí ìyẹn sì pọ̀ jù lọ́dún náà, á wá nǹkan mìíràn sọ: ewúrẹ́ ìyá rẹ̀ tó jẹ ìdajì ìwé ìròyìn, tàbí olùkọ́ àgbà tó gbé kẹ̀kẹ́ wá pé kò sáré mọ́, láìmọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ ló ti sanra sí i. Akọ̀wé á fọwọ́ bo ẹnu kí ọ̀gá má baà gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

Oṣù kejì ni wọ́n tó fojú kan ara wọn. Ife Alágolo sán, ó sì gbé e wá sí ọ́fíìsì láti gba òmíràn. Akọ̀wé ti fọkàn yàwòrán ọkùnrin gíga fìrìgbọ̀n nítorí ohùn rẹ̀. Ẹni tó wọlé kò ga ju Akọ̀wé fúnra rẹ̀ lọ, ọ̀rá ṣéènì kẹ̀kẹ́ wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, ó sì di ife tó sán náà mú bí ẹni gbé ẹyin.

"Ohùn yín ga jù yín lọ o," ni Akọ̀wé sọ kó tó mọ̀ pé òun ti sọ ọ́.

Ọkùnrin náà ní ohùn òun ló ṣáájú dé, ìyókù ṣì ń bọ̀ lọ́nà.

Kó tó lọ lọ́jọ́ náà, ó tọrọ agolo ògbólógbòó kan tí ọ̀gá fẹ́ dànù. Ó lọ tún ìdí rẹ̀ jó, ó sì gbé e fún Akọ̀wé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e pé kó rì í sí àgbàlá bàbá rẹ̀, kí àwọn méjèèjì lè jọ máa ka òjò láràárọ̀. Ọkùnrin mìíràn a máa ra aṣọ fún obìnrin tó bá wù ú. Akọ̀wé kò jẹ́ fi agolo yẹn pààrọ̀ aṣọ kankan. Ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọdún náà ni ìjọba gbé ètò tuntun jáde. Láti ìgbà tí Akọ̀wé ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi ni àwọn olórí ayé ti ń ṣèpàdé lórí ìyípadà ojú ọjọ́, tí wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́, tí wọ́n ń ya fọ́tò. Ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ̀ kalẹ̀ dé orí tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú ni. Ọ̀gá pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ó ka ìwé tó ti olú iléeṣẹ́ wá. Agbègbè tí òjò rẹ̀ kò bá tó ọ̀ọ́dúnrún mìlímítà láàárín oṣù mẹ́rin ìgbà òjò, ìjọba yóò fi táńkà máa gbé omi lọ fún un, yóò sì fún àwọn ará ibẹ̀ ní oúnjẹ ẹran ọ̀sìn àti irúgbìn tó lè fara da oòrùn. Agbègbè tí òjò rẹ̀ bá ti tó bẹ́ẹ̀ kò ní rí nǹkan kan gbà.

Ẹnì kan bèèrè pé tó bá jẹ́ mìlímítà kan péré ló fi lé ńkọ́. Ọ̀gá ní kọ̀ǹpútà kò mọ "péré".

Ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni Alágolo ní òun fẹ́ wá kí bàbá Akọ̀wé. Káfíńtà ni bàbá náà, opó ọkùnrin tó ń fi rúlà wọn ohun gbogbo, títí kan ènìyàn. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ òun kí ó wá lọ́jọ́ Sátidé ní aago mẹ́jọ àárọ̀, kí òun lè mọ̀ bóyá ó lè jí. Akọ̀wé ní, "Bàámi, aago mẹ́jọ ni wọ́n ń ka agolo." Bàbá ní bí agolo bá ṣe pàtàkì ju ọmọ òun lọ, kí ọkùnrin náà lọ fẹ́ agolo.

Òfin iṣẹ́ wọn kò le rárá. Ní ọjọ́ tí ẹni tó ń ka agolo kò bá sí nílé, kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ nínú ìwé, ó tán. Àwọn méjèèjì mọ òfin yìí bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀.

Láti ìdájí Sátidé náà ni òjò ti ń rọ̀ nílùú. Aago mẹ́jọ géérégé, Alágolo dúró lẹ́nu ọ̀nà, omi ń kán lára rẹ̀ tótó bí ẹni tó wẹ̀ taṣọtaṣọ. Bàbá wo aago ògiri, ó wo àlejò rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n fún un ní tówẹ́lì. Inú Akọ̀wé dùn débi pé kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ rẹ̀ sí. Nígbà tí òjò dá díẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde sí àgbàlá, Alágolo sì fi han bàbá bí wọ́n ṣe ń da omi inú agolo sínú ife. Bàbá tẹ̀ ba, ó di ojú kan, ó wo ìlà náà bó ṣe máa ń wo pákó kó tó rẹ́ ẹ. Òun gan-an ló pe iye rẹ̀: méjìlélógún.

"Kọ ọ́ fún abúlé wa," ni Alágolo wí fún Akọ̀wé, tẹ̀ríntẹ̀rín. "Kò tíì rọ̀ nígbà tí mo jáde nílé, ṣùgbọ́n òjò tó bá rọ̀ síbí máa ń dé ọ̀dọ̀ wa náà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá a láti kékeré."

Kò sì parọ́. Òkè kan ló wà láàárín ìlú àti abúlé náà, kò tó wákàtí kan lórí alùpùpù. Nígbà èwe wọn, ìkùukùu kan náà ló ń bo méjèèjì. Akọ̀wé fa fóònù rẹ̀ yọ, nítorí lọ́jọ́ Sátidé orí fóònù ló ti ń fi iye ránṣẹ́, ó tẹ méjìlélógún síwájú orúkọ abúlé náà, ó sì fi ránṣẹ́. Wọ́n jókòó, wọ́n jẹun, bàbá bi àlejò ní ìbéèrè nípa ìyá rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀, kò sì rí ibi tí yóò fi rúlà gún un.

Ní ọ̀sán, Alágolo kí wọn ó dàbọ̀. Bó ṣe gun òkè tán tó ń sọ̀ kalẹ̀ níhà kejì, eruku ló pàdé rẹ̀. Ojú ọ̀nà gbẹ. Koríko gbẹ. Ó bẹ́ sílẹ̀ nínú ọgbà rẹ̀, ó gbé agolo sókè, kò rí ẹ̀kán omi kan nínú rẹ̀. Ó pe Akọ̀wé lójú ẹsẹ̀.

"Akọ̀wé mi, òdo ni o. Jọ̀ọ́, yọ méjìlélógún yẹn kúrò."

Akọ̀wé ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, òun á tún un ṣe ní Mọ́ńdè. Nígbà tó ń sọ bẹ́ẹ̀, òótọ́ ló ń sọ.

Ní Mọ́ńdè, ó rí i pé títún iye ṣe kì í ṣe ọ̀rọ̀ pípa rẹ́ lásán. Fọ́ọ̀mù ni wọ́n ń kọ. Ibi kan wà nínú fọ́ọ̀mù náà tí wọ́n ti ń bèèrè pé kí ló fa àṣìṣe, ọ̀gá ni yóò sì buwọ́ lù ú. Kí ni yóò kọ síbẹ̀? Pé òun kọ iye agolo bàbá òun sílẹ̀ fún abúlé ọkọ àfẹ́sọ́nà òun? Wọn kò tíì fìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń dán ènìyàn wò. Ọ̀gá sì korò bí ewúro láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó fi fọ́ọ̀mù náà sínú dúrọ́ọ̀, ó ní di ọ̀la. Ọ̀la náà dé, ó ní di ọjọ́ kejì. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bí òjò bá pọ̀, méjìlélógún kò ní já mọ́ nǹkan, bí kò bá sì pọ̀ náà, kò ní já mọ́ nǹkan. Ẹ̀rù ló ń bà á, kò sì fẹ́ pè é ní ẹ̀rù.

Lọ́sẹ̀ kejì, Alágolo bi í lórí fóònù pé ṣé ó ti tún un ṣe.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Akọ̀wé dáhùn.

Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń sọ pé òun ti jẹun. Alágolo dúpẹ́, ó sì yí ọ̀rọ̀ sí ọjọ́ ìgbéyàwó. Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fá pákó kọ́bọ́ọ̀dù tí wọn yóò gbé lọ.

Ìgbà òjò parí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí òjò gidi. Kọ̀ǹpútà ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Lẹ́yìn orúkọ abúlé Alágolo, Akọ̀wé rí ọ̀ọ́dúnrún àti mẹ́jọ. Ó fi bírò ṣírò rẹ̀ lórí ìwé, ó tún un ṣírò. Láìsí méjìlélógún, mẹ́rìnlá ni ìbá fi dín sí ọ̀ọ́dúnrún. Wọ́n lẹ orúkọ àwọn abúlé tí yóò rí ìrànwọ́ gbà mọ́ ara ògiri. Méje ni wọ́n, ti Alágolo kò sí níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Alágolo kò pè. Ara rẹ̀ ló gbé wá. Ó wọlé pẹ̀lú ìwé kékeré tí òun fúnra rẹ̀ ń kọ òjò sí, ó kí gbogbo ènìyàn, ó fa àga sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì Akọ̀wé. Kò bínú rárá, ìyẹn ló dun Akọ̀wé jù. Ó dá a lójú pé kọ̀ǹpútà ló ṣìṣe, ó sì ti bá àwọn ará abúlé sọ ọ́ pé ẹni òun wà ní ọ́fíìsì, yóò bá wọn tún un ṣe. Ó ní kànga ti gbẹ. Ó ní ìyá òun ń rìn lọ sí odò tó jìnnà láràárọ̀ báyìí, ìrìn wákàtí kan àbọ̀ lẹ́ẹ̀kan, eékún rẹ̀ sì ti wú.

"Wò ó," ó na ìka sí ìwé rẹ̀, "mo ti rò ó pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n fi méjìlélógún lé e. Iye Sátidé yẹn ni wọn kò yọ."

Akọ̀wé wo ìka rẹ̀ lórí ìwé náà. Ó rí i pé bí òun bá tún dákẹ́ lọ́jọ́ náà, òun kò ní lè sọ ọ́ mọ́ láéláé.

"Èmi ni mi ò yọ ọ́," ó ní. "Mo parọ́ fún ọ. Ẹ̀rù iṣẹ́ mi ló bà mí."

Alágolo pa ìwé rẹ̀ dé, ó tún ṣí i, ó tún pa á dé.

"Láràárọ̀ ni mo ń pè ọ́," ó sọ níkẹyìn, jẹ́jẹ́. "Láràárọ̀ ni ò ń pè mí ní olólùfẹ́. Ìyá mi ń ti odò bọ̀ ní gbogbo àsìkò tí a fi ń rẹ́rìn-ín yẹn."

Ó dìde, ó dá àga padà sí àyè rẹ̀, ó sì jáde.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, fóònù dún. "Òdo," ni ohùn náà wí, ó sì gé e. Bó ṣe rí lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e nìyẹn, àti lọ́jọ́ kẹta. Kò pa iṣẹ́ rẹ̀ jẹ, kò sì fi ọ̀rọ̀ kan lé e. Akọ̀wé á kọ ọ́ sílẹ̀, omijé á sì bo ojú rẹ̀ débi pé kò ní rí ìlà ìwé. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ó ní òun yóò kọ fọ́ọ̀mù náà. Bàbá gbé irinṣẹ́ tó fi ń fá pákó sílẹ̀. Ó ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ìjọba tóbi, ohun tó ń ṣòfò lọ́wọ́ wọn lójúmọ́ ju mìlímítà lọ, òjò ọdún tó ń bọ̀ lè dára, iṣẹ́ tó bá sì lọ lọ́dún yìí lè má padà mọ́. Akọ̀wé kò bá a jiyàn. Ó kàn bi í pé ta ló wo ife náà tó pe méjìlélógún. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbá èérún pákó tí ó ti gbá tẹ́lẹ̀.

Akọ̀wé fi fọ́ọ̀mù náà sórí tábìlì ọ̀gá. Ọ̀gá kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì fa ìwé kan yọ lábẹ́ fáìlì rẹ̀. Lẹ́tà Alágolo ni. Ó ti dé láti àná.

Ọ̀gá ní kó kà á. Alágolo kọ ọ́ pé òun kò sí nílé lọ́jọ́ Sátidé náà, pé ọ̀lẹ ló mú òun, pé òun pe iye tí òun fúnra òun hùmọ̀ sínú fóònù, àti pé akọ̀wé ọ́fíìsì kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi ẹ̀bi náà lé òun lórí, kí wọ́n sì tún iye abúlé òun ṣe.

"Ọmọ yìí ti la ọ̀nà fún ọ," ni ọ̀gá wí. Ọ̀gá kì í ṣe ènìyàn burúkú, ó kàn fẹ́ràn kí fáìlì tètè padé ni. Ó ṣàlàyé pé lẹ́tà náà nìkan ti tó. Bí Akọ̀wé bá buwọ́ lù ú nísàlẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí, iye náà yóò yí, táńkà yóò lọ, iṣẹ́ rẹ̀ yóò sì wà níbẹ̀. Wọn yóò kàn gba agolo lọ́wọ́ ọkùnrin náà, wọn yóò sì fi ìwé sọ fún abúlé rẹ̀ pé òun ló fa ìdádúró.

Akọ̀wé di bírò mú. Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa, ó wù ú. Omi á dé, iṣẹ́ á dúró, ọkùnrin náà ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ yàn án. Ṣùgbọ́n ó rí àwọn ará abúlé náà lọ́kàn rẹ̀, tí wọ́n ń kọjá níwájú ilé ìwé, tí kò sí ẹni tó ń gbé kẹ̀kẹ́ wá mọ́. Ó rí ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ di ẹni ìtọ́ka sí nítorí irọ́ tí ọmọ náà kò pa.

"Mo mọ̀, sà," ó ní. "Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó ní kí n yọ ọ́, mo ní mo ti yọ ọ́. Tèmi ni kí ẹ lò."

Wọ́n lo méjèèjì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí olú iléeṣẹ́ tó fọwọ́ sí i. Wọ́n gba agolo lọ́wọ́ Alágolo nítorí pé òun ló ní kí wọ́n kọ iye tí kò kà. Wọ́n dá Akọ̀wé dúró nítorí pé ó kọ ọ́, tó sì bò ó mọ́lẹ̀. Ó kó bírò rẹ̀ sínú àpò, ó kí ọ̀gá ó dàbọ̀, ó sì rìn lọ sílé ní ojú ọ̀sán gangan, nígbà tí kò sí ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀.

Lọ́jọ́ tí táńkà àkọ́kọ́ yóò lọ sí abúlé náà, ó ní òun fẹ́ lọ bẹ ìyá Alágolo. Ó rò pé bàbá yóò ní kó jókòó. Bàbá ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó wọ bàtà, ó sì ní, "Èmi ni mo ní kó wá ní aago mẹ́jọ."

Ìyá náà wà níwájú ilé, ó na ẹsẹ̀ tó wú sórí àpótí. Akọ̀wé kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì sọ ohun tó ṣe, kò fi nǹkan kan pamọ́. Ìyá fetí sí i dé òpin.

"Ewúrẹ́ mẹ́fà ló kú," ni ìyá wí. "Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni mo mọ ìyá tó bí i. Ìkúnlẹ̀ ẹ ò lè jí wọn. Dìde, ilẹ̀ gbóná."

Akọ̀wé dìde. Bàbá rẹ̀ ṣí fìlà, ó ní òun náà jẹ̀bi, òun wá tọrọ àforíjì. Ìyá ní kó jókòó.

Alágolo jáde láti ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin. Ó dọ̀bálẹ̀ kí káfíńtà. Nígbà tó kan Akọ̀wé, ó gbé ojú sí ibòmíràn.

"Irọ́ kan ṣoṣo ni mo pa láyé mi," ó ní, "o sì bà á jẹ́."

"Èyí tí mo pa ti tó fún àwa méjèèjì."

"O pàdánù iṣẹ́ ẹ."

"Mo mọ̀."

Ó fẹ́ sọ òmíràn, ṣùgbọ́n táńkà fọn fèrè lójú ọ̀nà, gbogbo abúlé sì tú jáde. Ìyá ní òun kò ní jókòó sílé kí wọ́n máa bá òun gba omi, ó gbára lé ọ̀pá, ó ń tiro lọ. Akọ̀wé gba kẹ́ẹ̀gì méjì lọ́wọ́ Alágolo láìtọrọ rẹ̀. Wọ́n tò sórí ìlà, bàbá káfíńtà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwọn ènìyàn ń wò. Obìnrin kan lẹ́yìn wọn sọ fún ìkejì rẹ̀ pé akọ̀wé yẹn nìyí, kò sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ojú ti Akọ̀wé gidigidi, ṣùgbọ́n kò kúrò lórí ìlà.

Òṣìṣẹ́ ìjọba kan ló jókòó sẹ́bàá táńkà pẹ̀lú ìwé lórí itan. Kẹ́ẹ̀gì méjì ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé. Nígbà tó kàn wọ́n, ó wá orúkọ ilé wọn, ó rí i.

"Ènìyàn méjì. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin." Ó gbé ojú sókè wo Akọ̀wé. "Ẹ̀yin ńkọ́, mà? Ilé wo ni tiyín?"

Akọ̀wé fẹ́ sọ pé òun kàn bá wọn gbé kẹ́ẹ̀gì ni.

"Mẹ́ta ni wá," ni ìyá wí.

"Méjì ló wà nínú ìwé, Màmá."

"Ìwé yẹn ni ò pé. Kọ mẹ́ta."

Akọ̀wé di apá ìyá mú. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ ohun tí kì í ṣe òótọ́. Nítorí tèmi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́."

Ìyá yíjú sí i. Akọ̀wé àti obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wọn, gbogbo wọn ló gbọ́ ohun tí ìyá sọ.

"Láti ọjọ́ tí ọmọ mi ti sọ nípa ẹ fún mi ni mo ti ń ka mẹ́ta. Inú ń bí mi sí ẹ. Ó máa pẹ́ kó tó rọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò yọ ẹ́ kúrò."

Òṣìṣẹ́ náà wo Alágolo, ó ní ṣé bó ṣe rí nìyẹn. Alágolo wo káfíńtà, káfíńtà sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà náà ni ó yíjú sí Akọ̀wé. Ó ti rù, ojú rẹ̀ ti jìn, ìbínú sì ṣì wà nínú rẹ̀, kò gbìyànjú láti fi pamọ́.

"Ṣé wàá dúró?" ó bi í. "Odò jìnnà o. Táńkà yìí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ sì lè burú ju eléyìí."

"Mà á dúró."

Alágolo gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sílẹ̀ níwájú táńkà.

"Ẹ kọ ọ́," ó sọ fún òṣìṣẹ́ náà.

Ọkùnrin náà fa ìlà sórí méjì, ó kọ mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n lọ wá kẹ́ẹ̀gì méjì sí i wá.